Súrà Tí Àbúrò Bàbá Mi Ń Kà fún Ìyá Mi

Ọdún tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ni bàbá mi kú ní Ṣàgámù. Èmi ti dàgbà ju àwọn tí wọ́n ń kó lọ sí ilé-ìwé ọ̀fẹ́ lọ, kéwú nìkan ló kù tí mò ń kọ́. Ìyá mi bẹ̀rẹ̀ opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, àbúrò bàbá mi sì bẹ̀rẹ̀ sí í ké kéwú fún un.

Kí n má purọ́, ohùn ọkùnrin náà dùn. Láràárọ̀, bó bá ti kírun àsùbáà tán, á gbé àga wá sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, níbi tí àwa obìnrin ti ń bó gbànja tí wọ́n máa dì lọ sí Òkè-Ọya, á wá ṣí Súrà Àwọn Obìnrin. Ó ní nítorí ìyá mi lòun ṣe yan ìyẹn. Ìyàwó méjì ti wà nílé rẹ̀. Ó fẹ́ ṣú ìyá mi lópó, kí ilé ẹ̀gbọ́n òun má baà tú. Oko obì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni kò mẹ́nu bà.

Ìyá mi ní, "Mé è fẹ́." Ó sọ fún un, ó sọ fún àwọn àgbà ẹbí. Wọ́n ní ẹkún ọkọ ló ń bá a sọ̀rọ̀, yóò tán. Ẹ̀rù ń bà mí, nítorí bí opó bá ti tán báyìí, ẹbí yóò pé jọ, ọ̀rọ̀ náà yóò sì di àṣẹ.

Ní ilé-kéwú wa, a kì í béèrè ìtumọ̀. Kíkà ló ṣáájú. Ìtumọ̀ ń bọ̀ lẹ́yìn, bí ẹ̀mí bá gùn. Mo ti ka ìdajì Kùránì nígbà náà, mi ò sì lè sọ ibi tí Ọlọ́run ti ń ṣèlérí àti ibi tó ti ń bínú. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ń sọ fún ìyá mi láràárọ̀. Mo lọ bá àfáà wa, ará Ìlọrin kan tó ti pẹ́ lọ́dọ̀ wa, mo sì ka ibi tí àbúrò bàbá mi máa ń fa ohùn sí jù lọ fún un.

Àfáà rẹ́rìn-ín títí. Ó wá tú u fún mi lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan: nísáà, àwọn obìnrin, karihán, tipátipá. Nígbà tó tò ó pọ̀, ohun tí ó ń sọ ni pé onígbàgbọ́ òdodo kò gbọdọ̀ jogún obìnrin tí kò fẹ́.

Mo ní, "Ẹ mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, ẹ ò sì sọ fún àbúrò bàbá mi?"

Ó ní, "Kò bi mí ní ìtumọ̀. Ó ní kí n bá òun tún ohùn òun ṣe, mo sì tún un ṣe."

Lọ́jọ́ tí ẹbí pé, mo kúnlẹ̀, mo bẹ àbúrò bàbá mi pé kí ó fi kéwú àràárọ̀ rẹ̀ ṣí ìpàdé. Inú rẹ̀ dùn. Ó rò pé mo ti gbà. Nígbà tó dé ibi tí mo kà fún àfáà, ó fa ohùn, àwọn àgbà ń mi orí, ẹnì kan tilẹ̀ nu ojú. Mo wá bẹ àfáà, tí ẹbí pè wá ṣàdúrà, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwa tí a kò gbọ́ Lárúbáwá.

Àfáà túmọ̀ rẹ̀, kò sì bu omi sí i. Àbúrò bàbá mi pa Kùránì dé, ó ń wò ó bí ẹni tí ọmọ bíbí inú rẹ̀ jẹ́rìí takò.

Bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí ní ọ̀rọ̀ ti parí, Ọlọ́run ti sọ̀rọ̀. Ni gbogbo wọn bá ń yin Lárúbáwá, bó ṣe jinlẹ̀ tó, bó ṣe ń ro ti obìnrin tó. Nígbà tó yá, wọ́n rántí pé ìyá mi wà níbẹ̀. Wọ́n ní bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti sọ.

Ìyá mi ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Mé è fẹ́. Láti oṣù mẹ́rin ni mo ti ń sọ ọ́. Yorùbá ni mo fi ń sọ ọ́."

Bàbá náà fi ọwọ́ méjèèjì pa ojú bí ẹni pé àdúrà ló gbọ́, ó ní àmín.