Èépá Àpáta àti Páìnì Aràrá

Mo rántí bí àpáta Ìdànrè ṣe máa ń gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, lọ́dún tí mo ń ṣe iṣẹ́ ìwádìí àṣekágbá ní yunifásítì. Ohun méjì ni mo fẹ́ fi wéra: èépá tó máa ń lẹ̀ mọ́ ara àpáta, tí àwọn olùkọ́ ń pè ní láíkìn, àti igi páìnì aràrá kan tí kò ga tó orúnkún mi, tí ewé rẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Irú igi bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa; ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ mi ló gbìn ín sínú ìkòkò fún ìwádìí náà. Mo gbé e lọ sórí òkè, sẹ́gbẹ̀ẹ́ láíkìn, kí n lè mọ èyí tí yóò fara da ọyẹ́ láìsí ẹni tó ń bomi rin ín. Ó dá mi lójú pé igi ni yóò borí. Mo ti parí iṣẹ́ náà lọ́kàn mi kí n tó bẹ̀rẹ̀.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé nígbà tí mo yọ̀ ṣubú lórí òkè, ọrùn ẹsẹ̀ mi sì ṣẹ́. Ọ̀gá ní kí n wá iṣẹ́ mìíràn tí mo lè jókòó sílé ṣe. Mo kọ̀. Ṣùgbọ́n kíkọ̀ kò lè gun òkè. Màámi, tó ń ṣiṣẹ́ nínú oko kòkó olóko ní Atosin, bi mí léèrè ohun tí mo máa ń ṣe níbẹ̀. Mo ní àwòrán àwọn méjèèjì ni mo máa ń yà lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó na ọwọ́ gba fóònù mi.

“Ìbẹ̀rẹ̀ kọ́ ni oníṣẹ́,” ó ní, “àfi ẹni tó bá fi orí tì í dópin. Fi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ hàn mí.”

Láti ìgbà náà, tó bá ti gbàdúrà òwúrọ̀ Sátidé tán, á gbéra lọ sórí òkè. Ìka ọwọ́ rẹ̀ ló kún inú àwòrán àkọ́kọ́. Nígbà tó yá, tirẹ̀ mọ́lẹ̀ ju tèmi lọ. Ewé páìnì pọ́n, ó sì rẹ̀ dànù. Láíkìn náà gbẹ bí eérú. Màámi ní àwọn méjèèjì ti kú, ṣé kí òun ṣì máa lọ? Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa lọ. Kò jiyàn.

Lọ́jọ́ tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ó wọlé pẹ̀lú aṣọ tó rin gbingbin, ó na fóònù sí mi. Páìnì ti di igi ìdáná, ṣùgbọ́n láíkìn ti tutù yọ̀yọ̀ lára àpáta. Mo sunkún.

Ọ̀gá wo àwòrán náà, ó ní nígbà tí ọ̀kan ti kú, kò sí ohun tí mo fẹ́ fi wéra mọ́. Mo fi ọ̀pá ìtìlẹ̀ dìde.

“Ọ̀kan kú, ọ̀kan jí, sà. Ìyẹn náà ni ìdáhùn.”

Ó ní kí n lọ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ ni mí báyìí ní Ìdànrè. Tí àwọn ọmọ kíláàsì mi bá bi mí léèrè ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ ìwádìí, ìyá mi ni mo máa ń dárúkọ. Wọ́n á ní yunifásítì wo ló wà. Màá ní inú oko kòkó ni, ní Atosin. Orúnkún ń dùn ún báyìí, ṣùgbọ́n kò tíì jókòó sílé.