Òórùn Láfún Lára Ẹní Ìkírun Mi

Ta ni kò mọ̀ pé sùúrù ni baba ìwà? Kí ẹni tó ń sọ ọ́ wá sá láfún l'Áyétòrò ná. Tírélà á kọjá, eruku á bo gbogbo ohun tí mo sá sétí títì. Mo bú àwọn awakọ̀ títí ó fi sú mi, mo wá kó láfún mi lọ sórí àpáta tó wà lẹ́yìnkùlé wa. Ìyá ọkọ mi, tí a jọ ń gbé, ló máa ń bá mi ṣọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan, mo ti ọjà dé. Òjò ti rọ̀, ó ti dá. Mo wo orí àpáta, nǹkan pupa kan ló bo láfún mi mọ́lẹ̀. Ẹní ìkírun mi ni! Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi gbé bọ̀ láti Mẹ́kà, tí n kì í jẹ́ kí ọmọ fẹsẹ̀ kàn. Tápólì tí mo rà nítorí òjò sì wà níbi tí mo ká a sí lẹ́nu ọ̀nà. Láfún tútù ti lẹ̀ mọ́ ẹní náà pátápátá.

Mo pariwo. Àwọn ará àdúgbò ń wò wá, n ò bìkítà.

"Màmá, ṣé ojú yín ti fọ́ ni? Ẹ ò mọ tápólì yàtọ̀ sí ẹní ìkírun?"

Màmá jókòó, wọ́n fọ ẹní náà lẹ́ẹ̀mẹta. Òórùn ẹ̀gẹ́ tó ti kan ò kúrò. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti forí kanlẹ̀, òórùn yẹn ló ń kí mi káàbọ̀. Rákà kan ò dín nínú ìrun mi, ṣùgbọ́n ẹjọ́ ìyá ọkọ mi ni mò ń rò níbẹ̀.

Lọ́jọ́ karùn-ún, wọ́n di ẹrù wọn. Wọ́n ní àwọn fẹ́ lọ máa gbé lọ́dọ̀ ọmọbìnrin àwọn n'Ílaròó. Mo ní ó dáa. Ká má purọ́, inú mi dùn.

Nígbà tó di àsìkò ìrun Àsárì lọ́jọ́ náà, kí wọ́n tó lọ, mo rí wọn lágbàálé, wọ́n dúró lórí àpò òfìfo kan. Ojú ọ̀run ṣú. Àgbá tí mo rẹ ẹ̀gẹ́ sí ni wọ́n kọjú sí, wọ́n kẹ̀yìn sí gábàsì, ibi tí à ń kọjú sí kírun. Inú tún bí mi.

"Màmá, níbo lẹ kọjú sí yẹn?"

Wọ́n sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Ìyàwó, oòrùn ni mo fi ń mọ̀ ọ́n. Tó bá ti ń jó mi lẹ́yìn ní ìwòyí, mo mọ̀ pé mo kọjú sí gábàsì. Kò sóòrùn lónìí. O bi mí níjọ́sí bóyá ojú mi ti fọ́. Ó ń fọ́. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ohun tí ọwọ́ mi bà ni mo gbé. Ìtìjú ni ò jẹ́ kí n sọ."

N ò tíì bínú tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi, ara mi ni mo sì ń bínú sí. A jọ ń jẹ nínú ìkòkò kan, a jọ ń gba ẹnu ọ̀nà kan wọlé. Mo rí ẹní tó bàjẹ́, n ò rí ojú tó ń kú lọ. Ọjọ́ márùn-ún ni mo fi ń ro ẹjọ́ fún Ọlọ́run, irọ́ ni mo sì ń rò.

Mo gbé ẹní mi wá, mo tẹ́ ẹ. Mo di èjìká wọn mú, mo yí wọn sí gábàsì. Mo kúnlẹ̀. "Ẹ má bínú, Màmá. Ẹ dákun, ẹ má lọ."

"Dìde, jàre. Ta ló tún fẹ́ lọ? Àsìkò ìrun ń kọjá."

Mo ṣàlùwàlá, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti wọ ilé yẹn, a ò jọ kírun rí. Bí a ṣe forí kanlẹ̀, mo gbọ́ tí wọ́n rọra ń tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Orúkọ mi ni wọ́n kọ́kọ́ dá, kí wọ́n tó dá ti ọmọ wọn.