Abẹ́rẹ́ Òyìnbó Oníkẹ̀kẹ́

Bí ẹ bá ti Èrúwà gba ọ̀nà Lánlátẹ̀ ní àárọ̀, òórùn ẹ̀gẹ́ tí wọ́n rẹ sómi ni yóò kọ́kọ́ kí yín kí ẹ tó rí ilé kankan. Inú òórùn yẹn ni mo ti kọ́kọ́ rí òyìnbó náà. Mo wà lórí alùpùpù mi, mò ń lọ sí ilé-ìwé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, ó sì fi kẹ̀kẹ́ ológeere kọjá lára mi lórí òkè bí ẹni pé ọ̀nà ń fà á lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń dán, kò ní irun kan ṣoṣo. Ẹ̀wù rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára bí èèpo. Ẹ rántí bí ilẹ̀ wa ṣe rí lásìkò náà, tí wọ́n ń jí àgbẹ̀ gbé lọ́nà oko, tí àlejò kò lè béèrè ọ̀nà kí wọ́n má bi í léèrè ilé baba rẹ̀. Èmi náà kò fọkàn tán an.

A mọ̀ pé dókítà ni ìyàwó rẹ̀, pé ọ̀rọ̀ àwọn ìbejì ló gbé obìnrin náà wá sí Igbó-Ọrà. Ti ọkọ gan-an ni kò yé wa. Mo bá a lọ́jọ́ kan níbi tó ti ń fún táyà rẹ̀ ní afẹ́fẹ́, mo bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe. Ó ní ọmọ Básíkì lòun, àwọn tí ń gbé láàrin òkè ní ààlà Sípéènì àti Faransé, àti pé eré ìdíje kẹ̀kẹ́ gígùn ni iṣẹ́ tí òun fi ọdún mọ́kànlá ṣe.

“Ìdíje mélòó lẹ gbà?”

“Ẹyọ kan kò sí,” ó ní, ó rẹ́rìn-ín. “Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣíwájú, kí n máa gba atẹ́gùn sára fún ọ̀gá ẹgbẹ́ wa nínú eré, kí agbára rẹ̀ má baà tán kó tó dé ibi tí yóò ti borí.”

Mo rò ó títí mo fi délé. Ta ló ń gba ẹni tí kì í borí síṣẹ́? Irọ́ tí kò tilẹ̀ gbìyànjú láti jọ òótọ́ ni mo pè é.

Ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo rí i tó jókòó sẹ́yìn igi dóńgóyárò kan lẹ́bàá ọ̀nà, ó ká ẹ̀wù sókè, ó ń fi nǹkan bíi báírò gún ikùn ara rẹ̀. Bó ṣe rí mi, kíá ló fi í pamọ́. Kíá yẹn ló bà mí lẹ́rù jù. Mi ò dúró bi í ní nǹkan kan. Ọ̀dọ̀ àwọn ọdẹ tí ń ṣọ́ ojú ọ̀nà níwájú ni mo gbà lọ tààrà, mo ní òyìnbó oníkẹ̀kẹ́ ń gún oògùn olóró, mo sì fi kún un pé ẹ̀rọ kan wà lórí ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó fi ń ka ọ̀nà wa.

Wọ́n dá a dúró bó ṣe dé. Wọ́n gba fóònù rẹ̀, wọ́n gba báírò náà, wọ́n gba ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tó wà nínú àpò ẹ̀yìn ẹ̀wù rẹ̀. Èmi ni wọ́n ní kí n máa túmọ̀. Ó ní àtọ̀gbẹ ló ń ṣe òun láti kékeré, oògùn rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀kan nínú àwọn ọdẹ pòṣé: “Alátọ̀gbẹ wo ló ń gun kẹ̀kẹ́ láti Igbó-Ọrà dé ìhín?” Èmi náà rò bẹ́ẹ̀, nítorí àwọn arúgbó tí ẹsẹ̀ wọn ń wú ni mo mọ̀ mọ́ àìsàn náà. Nígbà tó yá, òógùn bò ó lójú, ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n, ohùn rẹ̀ ń lọ́ bíi ti ọ̀mùtí. Ó ń tún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo tí kò já gaara sọ.

“Kí ló wí, Tíṣà?” olórí ọdẹ bi mí.

“Ó ń tọrọ ṣúgà, bàbá. Ẹ má dá a lóhùn. Ṣé alátọ̀gbẹ ń jẹ ṣúgà ni?”

Mo sọ ọ́ pẹ̀lú ìdánilójú, bí ìgbà tí mo bá ń ṣàtúnṣe lójú pátákó. Bàbá náà kò wò mí. Ojú òyìnbó náà ló ń wò.

“Èyí ń kú lọ,” ó ní. Ó yọ ìgò oyin nínú àpò ọdẹ rẹ̀, ó gbé orí ọkùnrin náà lé itan, ó ń kán an sí i lẹ́nu díẹ̀díẹ̀ bí ẹni ń fún ọmọ tuntun lágbo. Ó pẹ́ lójú mi kí ara rẹ̀ tó balẹ̀, kó tó mọ ibi tó wà.

A pe ìyàwó rẹ̀. Ó dé, ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì ṣàlàyé fún wa: abẹ́rẹ́ náà ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó yẹ kó jẹun kété lẹ́yìn rẹ̀. Oúnjẹ yẹn la gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

Mo kúnlẹ̀, mo bẹ ọkùnrin náà. Ó ní kí n dìde, pé èmi kọ́ ni àkọ́kọ́. Níbi iṣẹ́ rẹ̀, ẹnì kan tí wọ́n jọ ń gun kẹ̀kẹ́ rí abẹ́rẹ́ náà ní yàrá òtẹ́ẹ̀lì. Ìwé àṣẹ dókítà wà lọ́wọ́ rẹ̀, àwọn ọ̀gá mọ̀, ṣùgbọ́n àhesọ pé ó ń lo oògùn agbára láti fi sáré sáré ju ìwé lọ. Àwọn ará ìlú rẹ̀ tí wọ́n máa ń dúró nínú òjò lórí òkè láti pariwo orúkọ rẹ̀, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kẹ̀yìn sí i bó bá ń kọjá. Nígbà tí ọdún parí, ẹnikẹ́ni kò pè é síṣẹ́ mọ́. “Wọn ò fẹ̀sùn kàn mí rí,” ó ní. “Wọ́n kàn dákẹ́ ni.”

Mi ò ní parọ́ fún yín pé mo ti jáwọ́ nínú ìfura. Ayé tí a wà kò gba bẹ́ẹ̀, mo ṣì máa ń wo ẹ̀yìn mi lójú ọ̀nà yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé mo lè béèrè, mi ò béèrè. Nínú gbogbo àwa tí a wà níbẹ̀ lọ́jọ́ náà, èmi nìkan ló gbọ́ èdè tí ọkùnrin náà ń sọ. Bàbá tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì kan ṣoṣo ló gbọ́ ohun tó wí.