Ipa Omi Nìkan Ló Kù

Ní Kétu tiwa nítòsí Èkó, ní àwọn ọdún 1950, òkúta la fi ń tẹ àpò ẹ̀gẹ́ rírin kí omi rẹ̀ lè ro kúrò kó tó di gàrí. Káfíńtà ni mí, ojú mi ò sì gba ìyà tí òkúta wọ̀nyẹn fi ń jẹ ìyàwó mi. Mo fi pákó méjì àti irin bóòtì gígùn mẹ́rin ṣe ẹ̀rọ kan: ká ti àpò sáàárín, ká yí nọ́ọ̀tì orí bóòtì kí pákó lè fún un, omi á máa tú. Inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ ọ̀sán!

Ìyàwó mi wò ó. "Ẹ gbẹ́ ipa tí omi máa gbà sára pákó ìsàlẹ̀, kó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sí igun kan, kí n gbé abọ́ síbẹ̀. Sítáàṣì tó wà nínú omi yẹn ò gbọdọ̀ ṣòfò."

Mo gbẹ́ ẹ kí ilé lè tòrò.

Lọ́yà kan ní Èkó sọ fún mi pé mo lè gba ìwé tí ẹnikẹ́ni ò fi ní lè ṣe irú ẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ mi, àmọ́ Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n ti máa yẹ̀ ẹ́ wò. Orí mi wú! Mo ní kó kọ ọ́ pé èmi ni mo ni ohunkóhun tó bá ń fún omi ẹ̀gẹ́ láìlo òkúta. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́, ó kọ pákó àti bóòtì tẹ̀ lé e, ó fi ipa omi sí ìparí.

Èsì dé. Wọ́n fagi lé ohun àkọ́kọ́ tá a kọ: ó fẹ̀ jù, òyìnbó ti ń fún èso bẹ́ẹ̀ tipẹ́. Inú bí mi, díẹ̀ ló kù kí n fa lẹ́tà náà ya. A dín in kù sí pákó àti bóòtì. Wọ́n tún fagi lé e: àwọn tó ń di ìwé pọ̀ ń lo irú ẹ̀. Ipa omi nìkan ló kù tá a fi ránṣẹ́. Lẹ́tà kẹta dé. Lọ́yà kà á tán, ó fò dìde.

"Wọ́n gbà á o! Ipa omi tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ lọ sínú abọ́ sítáàṣì, kò sẹ́ni tó ṣe é rí. Ẹ buwọ́ lùwé pé ẹ̀yin lẹ rò ó."

Mo mú kálàmù, mo tún gbé e sílẹ̀. Mo ti pariwo fún gbogbo Kétu títí dé Ìkòsì pé orúkọ mi ń bọ̀ lórí ìwé. Àmọ́ gbogbo ohun tí mo rò ni wọ́n ti gé dànù. Èyí tó kù, ìyàwó mi ló ni ín.

"Ẹ bá mi kọ òmíràn," mo ní. "Orúkọ ìyàwó mi ló máa wà níbẹ̀."

Bọ́lẹkájà ò tíì dúró dáadáa ní Kétu tí mo fi bẹ́ sílẹ̀, mo sáré wọlé tòun ti ìwé tuntun náà, mo ń pariwo. Ìyàwó mi nu ẹ̀gẹ́ kúrò lọ́wọ́, ó ní kí n tún un sọ. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ síwèé.

"Pákó tiyín ńkọ́?" ó bi mí.

"Ẹnikẹ́ni ló lè gbẹ́ ìyẹn."

"Ẹ máa gbẹ́ ẹ lọ," ó ní. "Àmọ́ tẹ́ ẹ bá dé ibi ipa omi, kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wá gbàṣẹ."