Táyà Tí Kò Gbọdọ̀ Jò

Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé èèyàn jẹ́jẹ́ ni ọkọ mi. Matthias kì í pariwo, òótọ́ ni, àmọ́ orí kunkun rẹ̀ le ju pákó tó fi ń kan ọkọ̀ ojú omi lọ. Etíkun Ìlàjẹ ni wọ́n bí i sí, orí omi ló dàgbà sí, Ìbẹ̀ṣẹ̀ níbí ló sì ti ń kan ọkọ̀ fún àwọn apẹja láti ìgbà tí mo ti fẹ́ ẹ. Èmi Kíkẹ́lọmọ, ọmọ Òṣogbo ni mí, aránṣọ ni mí. Ilẹ̀ gbígbẹ ni wọ́n bí èmi sí, ẹnu mi ò sì lè gbé jẹ́ẹ́. Bí àwa méjèèjì ṣe ń bá ara wa gbé, ẹ bi Ọlọ́run.

Àmọ́ tó bá di ti iṣẹ́, n ò ní purọ́ mọ́ ọn, ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Láti Ìbẹ̀ṣẹ̀ títí dé Ìjẹ̀dé, ohun tí àwọn apẹja ń sọ ni pé ọkọ̀ Matthias kì í gbomi. Bó bá kan ọkọ̀ tán, á wá ọ́ìlì kọndẹ́mù, ìyẹn ọ́ìlì dúdú tí àwọn mẹkáníìkì bá yọ lára ẹ́ńjìnnì, á fi pa á lára, á jẹ́ kí oòrùn mú un wọnú igi, á tún pa á. Kòkòrò tí ń jẹ pákó lábẹ́ omi ò ní sún mọ́ ọn. Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó gbà pé ohun tó bá ti mu ọ́ìlì yó, kò sí nǹkan tó lè gún un.

Ọmọ kan ṣoṣo ni Ọlọ́run fún wa, Àyànfẹ́olúwa. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò: bàbá ń kan ọkọ̀, ìyá ń ránṣọ, ibo lọmọ ti rí kẹ̀kẹ́? Iléèwé ni. Kóòṣì Abdulrahman, tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìje kẹ̀kẹ́ ní Ìkòròdú, ló rí i níbi tó ti ń sáré, ló ní ẹsẹ̀ yìí ò gbọdọ̀ ṣòfò. Ó wá kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ kan fún un, kẹ̀kẹ́ eré ìje gan-an, tí táyà rẹ̀ tín-ín-rín, tí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ wálẹ̀ bí ìwo àgbò. Mo kọ́kọ́ bú gbogbo wọn. Ọmọ obìnrin, lórí kẹ̀kẹ́, pẹ̀lú ṣòkòtò tó lẹ̀ mọ́ ọn nítan! Àmọ́ lọ́jọ́ tí mo rí i tó ń bọ̀ láti ọ̀nà Ìmọ́tà, tó dorí kodò, tó ń lọ gẹẹrẹ, tí àwọn ọlọ́kadà ń yà fún un, orí mi wú. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń bá a rán ṣòkòtò ọ̀hún.

Ohun tó ń wá ni ààyè nínú àgọ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn eléré ìje. Ẹni tó bá wọbẹ̀, wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á kọ́ ọ, wọ́n á sì rán an lọ sí iléèwé gíga, èyí tí agbára tiwa ò gbé. Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n ti ń ṣe ìdánwò rẹ̀, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Ìgbà àkọ́kọ́ tó lọ, ó ku díẹ̀ kó parí eré náà ni wáyà tín-ín-rín kan wọ táyà rẹ̀, irú èyí tí táyà tírélà tó bẹ́ máa ń tú sójú títì. Fìììì! Ó parí. Ìgbà kejì, ìgò fífọ́ ni. Ó gbé kẹ̀kẹ́ léjìká bọ̀ wá bá wa, ó ń sunkún, èmi sì ń ṣépè fún ẹni tó fọ́gò. Ọdún yìí ló kù. Tó bá ti kọjá, ọjọ́ orí rẹ̀ á ti ju èyí tí wọ́n ń gbà lọ.

Nígbà tí ọjọ́ ń sún mọ́lé, Kóòṣì ní ká lọ wá táyà tí nǹkan kì í tètè gún. Àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta gbéra, ó di ọ̀dọ̀ Ṣẹ̀rífátù, obìnrin tó ń ta ẹ̀yà kẹ̀kẹ́ ní Sábó. Ó kó mẹ́ta síwájú wa. Ọ̀kan fúyẹ́, ó fẹ́lẹ́. Ṣẹ̀rífátù ní eré wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹ̀gún lásán lè dá a dúró. Ọ̀kan wúwo díẹ̀ sí i. Ó mú ògbólógbòó irú rẹ̀ kan tó ti gé sí méjì, ó fi hàn wá pé wọ́n ti tẹ́ nǹkan líle kan sábẹ́ rọ́bà náà, bí èyí tí àwa aránṣọ máa ń rán sínú kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì. Wáyà tó bá gba inú rọ́bà kọjá, ibẹ̀ ló máa dúró sí. Ẹ̀kẹta nípọn gbàgìdì.

Ẹ̀kẹta yẹn ni Matthias gbá mú. "Èyí la ó rà," ló wí. "Pákó tó nípọn ni kì í gbomi."

Ṣẹ̀rífátù bú sẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, kẹ̀kẹ́ kọ́ lọkọ̀ ojú omi o! Èyí ò lè wọ férémù ọmọ yín." Ó gbé e sí i lára, lóòótọ́ kò wọ̀. Àwọn oníbàárà tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ́rìn-ín. Àyànfẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká mú èkejì. Ó máa dín eré mi kù, àmọ́ ìyẹn sàn ju kí n dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì lọ." Èkejì la rà, ti iwájú àti ti ẹ̀yìn.

Nígbà tí a délé, mo gbé oúnjẹ fún Matthias. Ó dùn ún, mo mọ̀ ọ́n. Èèyàn tí gbogbo ìlú fọkàn tán lórí omi, táyà ọmọ tirẹ̀, wọ́n ní kò mọ̀ ọ́n yàn. Mo ní, "Bàbá Àyànfẹ́, ẹ jẹun." Ó ní òun ti yó. Kò tíì fẹnu kan nǹkan kan láti àárọ̀.

A fi táyà méjèèjì kọ́ sára ògiri kí wọ́n má baà gbó ṣáájú ọjọ́. Àyànfẹ́ fúnra rẹ̀ ló fi wọ́n sẹ́sẹ̀ kẹ̀kẹ́ nígbà tó ku ọ̀la. Wọ́n ń dán gbinrin. Mo ní, "Ẹ ò rí nǹkan tuntun!" Matthias kàn ń rẹ́rìn-ín músẹ́ níbi tó jókòó sí. Òórùn ọ́ìlì wà nínú yàrá, àmọ́ ìgbà wo ni kì í sí nínú ilé wa?

Ní Ẹ̀pẹ́, òjò winniwinni ń ṣẹ́. Èmi àti Matthias dúró sí ibi tí eré máa parí sí, mo di ọwọ́ rẹ̀ mú. Nígbà tí àwọn eléré yọ, Àyànfẹ́ wà lára àwọn tó ṣíwájú. Mo pariwo títí ohùn mi fi há. Ìgbà kan ṣoṣo ló kù kó yí kọ́nà. Ó dẹ̀gbẹ́, táyà yọ̀ lábẹ́ rẹ̀ bí ẹni tẹ ilá, ọmọ mi sì ba ilẹ̀ gbì! Mo ti sáré débẹ̀ kí n tó mọ̀ pé mo ń sáré. Egungun èjìká rẹ̀ ti yẹ̀ wálẹ̀, ó ń kérora. Ẹ wá gbọ́ ohun tí bàbá rẹ̀ ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́ kẹ̀kẹ́, ó ń fi àtàǹpàkò tẹ táyà, ó ń kígbe pé, "Kò jò o! Ẹ wò ó, kò jò!"

Mo rò pé ìbẹ̀rù ló dà á lórí rú. Àfi lọ́jọ́ kejì tí mo ń kó aṣọ tí mo fẹ́ fọ̀. Mo rí ìgékúrú áńkárá mi kan lábẹ́ ibùsùn, ó ti dúdú kirikiri, ó ń rùn fún ọ́ìlì kọndẹ́mù. Mo gbé e dání. Mo wo ògiri tí a fi táyà kọ́, ọ́ìlì ti fa ìlà roboto méjì síbẹ̀. Háà! Matthias! Ó ti ń pa táyà ọmọ bí ẹni pa ọkọ̀.

Mo fi ẹsẹ̀ kan dé ilé ìwòsàn. N ò tíì sọ̀rọ̀ tán tí Àyànfẹ́ fi ní, "Mọ́mì, mo mọ̀. Nígbà tí mo ṣubú, táyà kàn mí lójú. Òórùn Bàbá ni mo gbọ́." Ó di ọwọ́ mi mú. "Ẹ má sọ fún wọn. Tí wọ́n bá fi lè mọ̀, wọn ò ní lè fọwọ́ kan pákó mọ́."

Kí èmi dákẹ́? Ẹ̀yin ẹ ò mọ̀ mí ni. Àmọ́ ẹyin lọ̀rọ̀, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo gbé e mì. Mo ń bú ọkọ mi nínú ikùn, mo ń bú u nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ, mo ń bú u nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí wọ́n ń gbàdúrà. Òun sì wà ńbẹ̀ tó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wá kí wa pé, "Ọmọ ṣubú o, àmọ́ táyà ò jò. Mo mọ ohun tí mo ṣe sí i." Ọlọ́run ló kó mi yọ, mi ò bá ti da ọbẹ̀ gbígbóná lù ú.

Nígbà tí Àyànfẹ́ ti dé sílé, tí wọ́n fi aṣọ gbé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ ọrùn, Kóòṣì wá. Abọ́dúnrìn, apẹja ará Ìjẹ̀dé tí Matthias ń kan ọkọ̀ fún, wà níjòókòó. Kóòṣì ní òun ti bá àwọn tó ń ṣe ìdánwò sọ̀rọ̀. Bí egungun ọmọ bá jinná, wọ́n lè tún dán an wò, bó bá jẹ́ pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀ ló fi ṣubú. Àmọ́ bó bá jẹ́ òun ni kò tọ́jú kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó parí nìyẹn. Ló bá lọ síbi tí kẹ̀kẹ́ fẹ̀yìn ti ògiri. Ó fi ìka ra táyà. Ìka dúdú. Ó gbóòórùn rẹ̀.

"Ọ́ìlì! Ta ló fi ọ́ìlì pa rọ́bà? Ọ́ìlì ló máa ń jẹ rọ́bà, ló máa ń jẹ́ kó rọ̀. Ta ló fi í kan ibi tó máa tẹ ilẹ̀?"

Mo wo Matthias. Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa gbọ́ ọ nìyẹn, mo sì rí bó ṣe ń wọlé sí i lára. Ojú rẹ̀ kúrò lára Kóòṣì, ó bọ́ sára ọwọ́ ọmọ tí a gbé kọ́.

"Èmi ni, sà," Àyànfẹ́ wí.

"Ìwọ? Ìwọ tí mo kọ́?"

"Èmi ni. Mo rò pé á dáàbò bò ó."

Kóòṣì mi orí. Ó mú akoto tó máa ń dé gun kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, ó ní kò sí ohun tóun tún lè sọ fún wọn níbẹ̀ mọ́. Ẹnu mi ti là; Àyànfẹ́ wò mí bí ẹni máa gbá mi létí. Abọ́dúnrìn ń wò wá lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹnu ọkùnrin yẹn kì í sì í dúró sójú kan. Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Matthias ń wo ẹ̀yìn. Kóòṣì ti dé ẹnu ọ̀nà.

"Kóòṣì, ẹ padà wá jókòó," ló wí. "Ọmọ yẹn ń parọ́. Èmi ni mo pa á. Gbogbo ìgbà tó bá ti lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ni mò ń pa á. Bí mo ṣe ń ṣe ọkọ̀ ni mo ṣe ṣe é, kò mọ̀ sí i rárá." Ó yíjú sí Abọ́dúnrìn. "Ìwọ náà ti gbọ́. Tí o bá fẹ́ gbé pákó rẹ lọ síbòmíràn, mi ò ní bínú."

Abọ́dúnrìn dìde, ó ní òun fẹ́ lọ bá ọkọ̀ tó ń lọ sí Ìjẹ̀dé, ó sì lọ. Kóòṣì ní, "Màá sọ fún wọn bẹ́ẹ̀, Bàbá. Bóyá wọ́n á gbà, mi ò lè fọwọ́ sọ̀yà." Òun náà lọ.

Ìgbà yẹn ni Àyànfẹ́ wá bú sẹ́kún. "Ta ló ní kẹ́ ẹ sọ? Mo ti gbà á sórí ara mi! Láti ibí dé Ìjẹ̀dé ni wọ́n á ti máa fi yín ṣẹ̀sín. Ta ló tún máa gbé iṣẹ́ fún yín? Wọ́n lè má tiẹ̀ gbà mí, Bàbá, ẹ sì ti ba orúkọ yín jẹ́!"

"Kí ó bàjẹ́," ni Matthias wí. Ó lọ sí etí ibùsùn, ó jókòó tì í, ṣùgbọ́n kò jẹ́ kí ọwọ́ ọ́ìlì rẹ̀ kàn án.

Èmi tí mo ti ń tọ́jú èébú de ọkùnrin yìí látọjọ́ tí a ti dé láti Ẹ̀pẹ́, mo wá inú mi títí, n ò rí ẹyọ kan sọ mọ́.