Ọ̀dà Àbímọ́ Ara Mọ́tò

Ọdún tí ìjì ṣí páànù mọ́ṣáláṣí kékeré àdúgbò wa ní Fìdítì, tó gbé e lọ dà sínú oko ẹ̀gẹ́, ọdún náà ni. N kò mọ òǹkà rẹ̀ ní ti ìwé. Ohun tí mo mọ̀ ni pé òmìnira ti dé, àwọn ọmọ ilé ìwé ti jẹ ìrẹsì rẹ̀ tán, àwọn òyìnbó sì ti ń di ẹrù wọn lọ sílé lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi náà ti dàgbà tó ẹni tí wọ́n ń bi pé, "Ìgbà wo la ó jẹ ìrẹsì tìrẹ?" Ọsàn ni mò ń tà létí títì, níbi tí ọkọ̀ tó ń ti Ìbàdàn bọ̀ ti máa ń dúró kó tó kọjá sí Ìlọrà àti Ọ̀yọ́.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mọ́tò kan dúró níwájú mi. Ẹ̀rín ni mo kọ́kọ́ rín. Mọ́tò náà kò ga ju ewúrẹ́ lọ. Kò ní òrùlé. Ìjókòó méjì péré ló wà nínú rẹ̀, imú rẹ̀ sì gùn síwájú bí imú ẹni tó ń gbóòórùn ọbẹ̀ aládùúgbò. Irú èyí tí àwọn òyìnbó fi máa ń bára wọn sáré ìje ni. Àwọ̀ rẹ̀ dà bí ewé ọsàn tí òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀. Ọmọkùnrin tó ń wà á ní kí n gbé ọsàn wá. Mo gbé atẹ mi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, n kò rí ibi tí mo lè gbé e lé, mo bá gbé e ka orí imú mọ́tò náà.

"Gbé e kúrò! Áà! Gbé e kúrò níbẹ̀!"

Igbe tó ké pọ̀ débi pé mo rò pé ejò ló rí. Ó fò jáde láìṣí ilẹ̀kùn. Ọsàn tí mo ti là fún àwọn oníbàárà láti tọ́ wò wà lórí atẹ náà, omi rẹ̀ sì ti kán sára mọ́tò. Ó fa ìgò omi jáde láti abẹ́ ìjókòó, ó rọra da omi síbẹ̀, ó wá mú aṣọ kan tó rọ̀ bí òwú, ó ń fi tẹ ojú ibẹ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni ń nu imú ọmọ tuntun.

Ó ní, "Omi ọsàn máa ń jẹ ọ̀dà. Ìdí atẹ sì máa ń ha á."

Ẹ̀rín ń pa mí. Mo ní, "Ẹ kú ìtọ́jú ìyàwó o."

"Ìyàwó kọ́. Mọ́tò ni."

"Ha, ṣé ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀?"

Àwọn ọlọ́sàn yòókù bú sẹ́rìn-ín. Òun náà kọ́kọ́ fajú ro, ẹ̀rín wá bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú sí igbe tó ké. Nígbà tó tún ń ti Ìbàdàn bọ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀ mí. Ẹ̀bẹ̀ yìí kò tán bọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tó bá ń lọ sílé ní Ìlọrà ló máa ń dúró bẹ̀ mí, títí àwọn ẹgbẹ́ mi fi ń pè é ní Ẹlẹ́bẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni mo gbọ́ ìtàn mọ́tò náà. Dírẹ́bà òyìnbó kan ni Ẹlẹ́bẹ̀ jẹ́ ní Ìbàdàn. Nígbà tí òyìnbó náà ń lọ sílé pátápátá, ó fi mọ́tò náà ta á lọ́rẹ. Mọ́tò ti dàgbà nígbà yẹn, ó dàgbà ju èmi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀dà tí wọ́n fi bí i ló ṣì wà lára rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò tún un kùn rí.

Ó sọ fún mi pé, "Gbogbo Ìlọrà ló ń ní kí n gbé e lọ fún akunlé, kó kùn ún ní pupa, kó kọ àdúrà sí i nídìí bíi lọ́rì. Ọ̀dà tuntun kò wọ́n. Àmọ́ tí ti àkọ́kọ́ yìí bá lọ, kò sí ibi tí mo lè lọ rí i rà."

Igi máńgòrò kan wà lẹ́yìn ìsọ̀ wa. Abẹ́ rẹ̀ ló ti máa ń fọ mọ́tò, nítorí kì í fọ̀ ọ́ nínú oòrùn. Ó ní bí omi bá gbẹ mọ́ ọn lára lójijì, àpá ni yóò fi sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó wà á wọ abẹ́ igi, yóò kọ́kọ́ dúró, yóò gbójú sókè, yóò sì máa lé ẹyẹ: "Ṣiọ̀! Ṣiọ̀! Ẹ lọ ṣu sí ibòmíràn!" Ọkùnrin tó ti tó bàbá ọmọ! Àwa ọlọ́sàn á dáwọ́ lé orí, a ó rẹ́rìn-ín títí ẹ̀gbẹ́ yóò fi máa dùn wá.

Ó wá ń kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. O kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ kan eruku pupa tó bà lé e. Omi ni wàá kọ́kọ́ máa dà láti òkè, kó gbé eruku náà lọ fúnra rẹ̀, nítorí yanrìn wẹ́wẹ́ ló wà nínú rẹ̀, bí o bá nù ún ní gbígbẹ, ó ti ha mọ́tò nìyẹn. Garawa ọṣẹ ọ̀tọ̀, garawa omi tó mọ́ ọ̀tọ̀. Síńgílẹ́ẹ̀tì tó ti gbó ló fi ń fọ̀ ọ́. Bí aṣọ náà bá já bọ́ sílẹ̀ pẹ́nrẹ́n, iṣẹ́ rẹ̀ ti tán fún ọjọ́ náà. Bí ẹyẹ bá ti ṣu sí i, má fi èékánná ha á o. Fi aṣọ tútù bò ó, kó rọ̀, kó dìde fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tó bá gbẹ tán ló máa ń ṣí agolo ìda tí òyìnbó fi sílẹ̀ fún un, yóò fi ìka mú ìwọ̀nba tí kò ju ti tìróò ojú lọ, yóò fi pa á, yóò sì nù ún títí n óò fi rí ojú mi nínú ilẹ̀kùn mọ́tò, tí mo tún rí ojú tirẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi. Ẹ̀kọ́ náà dùn mọ́ mi. Kí n má purọ́, kì í ṣe ẹ̀kọ́ mọ́tò nìkan ni mò ń gbádùn.

Ìgbà tó ní kí n jẹ́ kí òun wá rí Bàbá mi ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Àbúrò Bàbá mi obìnrin ń ta ọsàn pẹ̀lú wa létí títì. Ó ti lọ ròyìn igbe ọjọ́ àkọ́kọ́ yẹn nílé, ó sì ti fi iyọ̀ sí i.

Bàbá ní, "Ẹni tí ọ̀dà mọ́tò mú kó jágbe mọ́ ọmọ mi lójú ọjà? Tí ọmọ mi bá wá fọ́ àwo nílé rẹ̀ ńkọ́? Ọmọ mi kò lọ ibì kankan."

Mo sunkún títí ojú mi fi wú. Ìyá mi bẹ̀ ẹ́ lówùúrọ̀, ó bẹ̀ ẹ́ lálẹ́. Nígbẹ̀yìn, Bàbá ní, "Ó dáa, kó wá. N ó wò ó. Bí ọkàn mi bá gbà á, ó gbà á. Bí kò bá gbà á, kí ẹnikẹ́ni má tún dárúkọ rẹ̀ fún mi."

Ọjọ́ náà pé. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni. Òun àti ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ló wá láti Ìlọrà, nítorí ìjókòó kò ju méjì lọ. Bàbá àgbà náà sanra, ó wọ agbádá ńlá, bó ṣe jókòó sínú mọ́tò tí kò lórùlé yẹn, afẹ́fẹ́ kó sí agbádá, ó wú bí àgọ́. Fìlà rẹ̀ fò lójú títì, wọ́n ní láti padà lọ wá a. Nígbà tí wọ́n dé ẹnu ọ̀nà wa, eruku pupa ti bo àtèèyàn àti mọ́tò. Wọ́n nu ojú, wọ́n gbọn aṣọ, wọ́n wọlé tọ Bàbá lọ. Èmi wà ní yàrá ìyá mi lẹ́yìnkùlé, nítorí ọmọ tí wọ́n wá tọrọ kì í yọjú nígbà tí àwọn àgbà bá ń sọ̀rọ̀.

Àwọn ìyàwó ilé wa, ìyẹn àwọn obìnrin tí wọ́n fẹ́ wá sí agbo ilé Bàbá mi, ń họ igbá lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ewé eépín ni wọ́n fi ń họ igbá nílẹ̀ wa. Ewé náà le, ó ní ṣákaṣàka lójú, òun ni àwọn agbẹ́gi náà fi ń dán igi. Ìyálé gbogbo wọn gbójú sókè, ó rí mọ́tò.

Ó ní, "Ẹ wo mọ́tò ọkọ ìyàwó wa bó ṣe pọ́n bí ẹni yí nínú ebè! Ṣé bí àwọn ará àdúgbò yóò ṣe máa wò ó nìyí? Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká ṣe é lálejò."

Inú rere ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n gbé eérú, wọ́n gbé ọṣẹ dúdú, wọ́n gbé kànhìnkànhìn, wọ́n sì gbé ewé eépín. Orin bẹ̀rẹ̀. Mo ń gbọ́ orin náà nínú yàrá, inú mi ń dùn pé ilé ti ń yọ̀ fún mi. Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ ohun mìíràn lábẹ́ orin: ṣììì-ṣàà, ṣììì-ṣàà.

Mo mọ ohùn yẹn. Mo gbàgbé pé n kò gbọdọ̀ yọjú. Mo fò jáde, ìborùn mi já sílẹ̀, mo ń pariwo, "Ẹ dúró! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró!"

Ìyálé gbọ́wọ́ dúró, òógùn bò ó. Ó ní, "Ọkọ mi, kí lo ń sá jáde fún? Ṣé ara kò gba ọ́ mọ́ ni? Wò ó, ó ti ń mọ́!"

Mo wo imú mọ́tò. Ìdajì rẹ̀ ti funfun bí ẹsẹ̀ ẹni tí ọyẹ́ bá jà. Kí n tó sọ gbólóhùn kan, àwọn ọkùnrin ti jáde nítorí igbe mi. Bàbá ló ṣáájú. Ó wo mọ́tò, ó wò mí, ó wo ewé eépín lọ́wọ́ àwọn ìyàwó. Àgbẹ̀ ni Bàbá, ó mọ ohun tí eépín ń ṣe. Ó ká ọwọ́ mọ́ àyà, ó fẹ̀yìn ti òpó, ó yí ojú sí àlejò rẹ̀. Mo mọ̀ pé ìdájọ́ mi dé.

Ẹlẹ́bẹ̀ rìn lọ sídìí mọ́tò. Ó na ìka sí ojú ibẹ̀, ó fà á padà láìfọwọ́ kàn án. Orin ti dákẹ́. Ìyálé ti ń fi ewé pamọ́ sẹ́yìn. Mo ń sọ nínú mi pé, má ké, jọ̀ọ́, má ké.

Gbì! Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú agbádá funfun nínú omi eérú.

Ó ní, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́." Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n bí ti ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ nà. "Ẹ kú làálàá. Ẹ ṣeun púpọ̀."

Ìyálé bi í, "Ṣé ó mọ́, ọkọ ìyàwó?"

"Ó mọ́, ìyá mi. Ó mọ́ ju bó ṣe yẹ lọ."

Bàbá mi kọ́kọ́ hùn. Mo rò pé ikọ́ ni. Ẹ̀rín ló ń dì mú, kò sì lè dì í mú mọ́. Ó rẹ́rìn-ín, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń fi fìlà nu ojú. Bàbá àgbà ará Ìlọrà náà bẹ̀rẹ̀, ikùn rẹ̀ ń mì tìtì. Kò pẹ́ tí gbogbo agbo ilé fi ń rẹ́rìn-ín, kódà àwọn tí kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí mo wá ṣàlàyé ohun tí eépín ṣe, ìyálé ju ewé nù, ó dáwọ́ lé orí: "Yéè! A ti bó mọ́tò ọkọ ìyàwó láwọ!" Ẹ̀rín tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀.

Ẹlẹ́bẹ̀ bọ́ agbádá. Ó ní kí wọ́n fún òun ní omi, aṣọ tó rọ̀, àti ẹfun tí òun yóò fi dán ojú ibi tí eépín ha. Ìyálé fúnra rẹ̀ lọ ẹfun, ó sẹ́ ẹ bí ẹlùbọ́ ọmọ ọwọ́, ó tún un sẹ́. A fi òróró díẹ̀ pò ó, a ti mọ́tò sábẹ́ ibòji, a bẹ̀rẹ̀ sí í pa á jẹ́jẹ́, àwọn ìyàwó ilé lápá ọ̀tún, èmi àti òun lápá òsì. "Ẹ rọra, ẹ̀yin ìyá mi, bí ẹni ń pa ìpara." "A ti rọra, ọkọ wa, bó o bá tún ní ká rọra, a ó sùn!" Bàbá náà ká apá aṣọ sókè, ó ní, "Níbo ni tèmi?" Àwọ̀ ewé ọsàn náà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ díẹ̀díẹ̀ láti abẹ́ funfun. Ọjọ́ náà ni Ẹlẹ́bẹ̀ fi ìka họ ìdí agolo ìda òyìnbó, tó lo ìyókù rẹ̀ tán. Ibì kan ṣoṣo, tó tó àtẹ́lẹwọ́, kò padà. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ ní kó fi ọ̀dà tuntun tọ́ ọ. Ó ní rárá, kó wà bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí a parí, Bàbá fọ ọwọ́, ó pè é sí ìta gbangba, lójú gbogbo wa.

Ó ní, "Mo ti fẹ́ lé ọ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ tí ẹ bá mi sọ nínú ilé, kò wọ̀ mí létí. Àmọ́ ẹni tó lè kí àwọn ìyàwó ilé wa kú iṣẹ́ lónìí, yóò lè bá ọmọ mi gbé. Ẹ lọ mú ọjọ́ wá."

Àwọn ìyàwó ilé hó yèè. Èmi sá wọ yàrá padà, nítorí ìgbà náà ni mo tó rántí pé n kò ní ìborùn lórí.

Nígbà tí àwọn ọmọbìnrin mi dàgbà, tí àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í fi mọ́tò wá ẹnu ọ̀nà wa, mo sọ fún àwọn ọmọ mi pé kí wọ́n má wo bí mọ́tò ṣe ń dán. Kí wọ́n ṣe sùúrù di ọjọ́ tí ẹnìkan bá fi inú rere bà á jẹ́, kí wọ́n wá wo ojú ẹni tó ni ín. Ní ti àwọn ọmọkùnrin mi, mo ní kí wọ́n fọ mọ́tò tiwọn nílé dáadáa kí wọ́n tó lọ kí àna.