Abọ́ Ẹ̀fọ́ Ewé Ata Tí Ó Padà Wá

Ráfátù Àbẹ̀kẹ́, ọmọ Ajílété, ọmọ ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí, obìnrin tí kì í dá oúnjẹ jẹ: ìyá mi ni mò ń pè. Nígbà tí èmi wà ní kékeré ní Treichville lẹ́yìn odi, àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn ará Ṣakí jọ ń gbé àgbàlá kan náà ni. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ò mọ̀ ọ́n: bí ààwẹ̀ bá dé, yàrá kan á gbé oúnjẹ ìṣínu fún yàrá kejì. Wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á fọ abọ́, wọ́n á bu ṣúgà díẹ̀ sí i, wọ́n á fi í ránṣẹ́ padà. Oúnjẹ kì í bá abọ́ padà.

Lọ́jọ́ kan, òjò ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dé ọjà. Ìyá mi ti gbin ata sínú korobá lẹ́nu ọ̀nà wa. Ó já ewé rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yọ, ó bọ̀ ọ́, ó da omi rẹ̀ nù bí ẹni ń se ọ̀dú, ó fi ẹja gbígbẹ sè é. Ó dùn. Mo gbé tiwọn lọ fún Ìyá Múnírù, ará Ṣakí tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwa.

Ó ṣí i, ó wo ewé náà, ó wo korobá wa, ó fi orúkọ mi ké sí ìyá mi:

"Ìyá Sàlámátù, ewé tí a ń fi lé oówo lẹ gbé fún wa jẹ? Oówo ta lẹ rí?"

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín. Bàbá Kàrímù tí ó ń ṣe àlùwàlá ní bóyá ọjà ò tà fún bàbá mi mọ́ ni. Èmi ni mo gbé abọ́ náà kọjá láàárín wọn, ẹ̀fọ́ ṣì kún un. Bí mo ti ń kọ ọ́ yìí, ojú ṣì ń tì mí.

Àwa fúnra wa la jẹ ẹ́ tán. Inú ò run ẹnì kankan, ṣùgbọ́n ta la fẹ́ sọ ọ́ fún? Ìyá mi hú ata náà. Kò gbé abọ́ jáde fún ẹnikẹ́ni mọ́.

Ní Biétry, àdúgbò tí a wà báyìí nílùú kan náà, ilẹ̀kùn irin ni gbogbo rẹ̀. Èmi tí mo mọ orúkọ gbogbo àgbàlá wa, n kò mọ ti ẹni tí ó kọjú sí wa. Nígbà tí àìsàn dá ìyá mi dùbúlẹ̀, Náfísá, ọmọ ọmọ mi tí mo ti sọ ìtàn yìí fún, gbé fóònù lọ bá a.

"Ìyá àgbà, ẹ wò ó, wọ́n ń jẹ ewé ata nílùú àwọn kan. Wọ́n ní bí ó bá ti jinná, kò léwu."

Ìyá mi dá fóònù náà padà fún un.

"Lọ fi han Ìyá Múnírù."

Ìyá Múnírù ti kú tipẹ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e la sin ìyá mi, lẹ́yìn ìrun.